Ìwọ́wé ti wọlé: ṣé inú ọ̀sà la ó gbà lọ sí gúúsù, àbí ojú òkun?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Virginia

Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ọkọ mi ra ọkọ̀ onígbòkun kan lọ́dún tó kọjá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36, ìdí rẹ̀ ń wọ omi ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, òpó ìgbòkun rẹ̀ sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 54 láti ojú omi. A fẹ́ gbé e láti Norfolk lọ sí Miami. Iṣẹ́ mi ò ní jẹ́ ká ṣí kí November tó bẹ̀rẹ̀. Màmá mi sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn, Miami ni wọ́n ń balẹ̀ sí, ọ̀sẹ̀ Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, gan-an, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní ká gba ojú òkun, pé bó pẹ́ bó yá, ọ̀sẹ̀ kan la ó fi débẹ̀. Àwọn mìíràn ní ká gba ọ̀nà omi inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Intracoastal Waterway, àwọn kan náà ló tún ń sọ pé ìyẹn kì í ṣe ìrìn ọkọ̀ onígbòkun, pé ariwo ẹ́ńjìnnì la ó máa gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà nínú ilé wa. Èwo ni ká tẹ̀lé?

* * *

Ẹ má gba ojú òkun láti Norfolk nínú November. Mo ti ka gbogbo ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé "ọ̀sẹ̀ kan péré" ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó tóbi ju tiyín lọ, tí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lóru. Ẹ̀yin méjì péré ni. Tó bá fi máa di òru kejì, oorun á ti máa kun yín, ẹni tójú rẹ̀ bá sì ṣì là díẹ̀ ló máa dá gbogbo ìpinnu ṣe.

Cape Hatteras, ṣóńṣó ilẹ̀ North Carolina tó yọ sínú òkun, ló wà níwájú yín níbẹ̀. Gulf Stream, omi gbígbóná tó ń ti ìhà Florida ṣàn lọ sí àríwá, súnmọ́ ilẹ̀ gan-an níbẹ̀. Iyanrìn Diamond Shoals tó nà wọnú òkun wà lápá kejì. Àárín méjèèjì lẹ máa gbà. Nínú November, òtútù á máa ti àríwá bọ̀ léraléra, atẹ́gùn rẹ̀ á sì dojú kọ omi tó ń ṣàn gòkè. Níbi tí atẹ́gùn àti omi bá ti kọjú síra báyìí, ìgbì á ga, á dúró ṣánṣán, wọ́n á sì súnmọ́ra débi pé ọkọ̀ kékeré ò ní tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan tí èkejì á fi dé. Ẹni tó mọ ibẹ̀ á dúró de atẹ́gùn tó dára. Ìdúró yẹn lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba méjì, kò sì sí nínú ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ń kà fún yín.

Inú ọ̀sà wá ńkọ́? Norfolk ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì ọ̀nà omi yìí. Beaufort ní North Carolina wà ní nǹkan bíi máìlì 200. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ ó ti débẹ̀, Hatteras á sì ti wà lẹ́yìn yín láìjẹ́ pé ẹ fojú kàn án. Láti Beaufort lọ sísàlẹ̀, ẹnu òkun tí ẹ lè gbà jáde fún ọjọ́ kan pọ̀, kí ẹ sì tún wọlé bí ojú ọjọ́ bá fẹ́ yí padà. Èyí tí mo fara mọ́ nìyẹn: ẹ máa yọjú sókun nígbà tó bá dára.

Fún àwọn tí ò mọ ọ̀nà yìí: ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ gba Èkó kọjá sí Badagry ti mọ bó ṣe rí. Òkun wà lápá kan, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín, èèyàn sì wà nínú omi tó rọra ń lọ lápá kejì. Tibí kàn gùn ni, ó lé ní máìlì 1,000 kí èèyàn tó dé Miami. Níbi tí odò àti ọ̀sà ò bá ti pàdé ara wọn, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n lè pàdé.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé kí ẹ má jẹ́ kí n dẹ́rù bà yín. Mo gbà fún un. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín.

Norfolk sí Miami jẹ́ nǹkan bíi máìlì 1,090. Ọkọ̀ yín á máa sá máìlì mẹ́fà sí méje láàárín wákàtí kan. Ní Sunday àkọ́kọ́ nínú November, Amẹ́ríkà á dá aago padà sẹ́yìn, tó bá ti ń lọ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti ń wọ̀. Ẹ má rin inú ọ̀sà lóru. Òpó igi tí ò níná wà níbẹ̀, okùn ẹ̀gẹ́ akàn wà níbẹ̀, iyanrìn tó ti kúrò níbi tí máàpù fi í sí náà wà níbẹ̀. Nínú wákàtí tó kù fún yín lójúmọ́, ẹ ó fi díẹ̀ dúró de afárá kó ṣí. Lọ́jọ́ tó bá dára, ẹ ó rin máìlì 50. Ọjọ́ 22 nìyẹn, láìsinmi, láìsí òjò, láìsí fílítà dísù tó dí, láìsí ọjọ́ kan ṣoṣo tí atẹ́gùn ní kí ẹ jókòó. Thursday kẹrin nínú November ni Thanksgiving. Kò lè yá ju ọjọ́ 22 oṣù lọ, kò sì lè pẹ́ ju 28 lọ.

Ó ṣeé ṣe lórí ìwé, àbí? Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bó bá jẹ́ pé kò ṣeé ṣe rárá, ẹ ò ní dán an wò.

Gbogbo bí mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀ lórí omi yìí nígbà ìwọ́wé, kàlẹ́ńdà ni mo rí tó ń ba ọkọ̀ jẹ́, ju iyanrìn lọ, ju afárá lọ, ju òtútù lọ. Èbúté Coinjock wà ní máìlì 50, kó tó di pé èèyàn bọ́ sórí Albemarle Sound. Ọ̀sà yẹn fẹ̀ gan-an, kò sì jìn. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ lé e lórí, ìgbì rẹ̀ á kúrú, á sì máa gbá ọkọ̀ láìdáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kan, gbogbo wa so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní Coinjock, a ń dúró kí atẹ́gùn rọlẹ̀. Tọkọtaya kan tú okùn wọn, wọ́n lọ, torí pé ọkọ̀ òfúrufú ń dúró de ọkùnrin náà níbì kan. Nígbà tá a bá ọkọ̀ wọn ní Belhaven, ìgbòkun iwájú rẹ̀ ti fàya láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwo àti ìkòkò inú rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbá. Ọkùnrin náà nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Àwọn kan tún ní lẹ́yìn November 1 kò séwu mọ́, torí pé ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì á ti gbà kí ọkọ̀ wọ gúúsù. Ìwé ìnṣọ́ránsì ò lè dá ìjì dúró. November 30 ni àsìkò ìjì parí. Ní November 10, 2022, Hurricane Nicole kọlu etíkun Florida nítòsí Vero Beach, ojú ọ̀nà yín gan-an.

* * *

Ìjà tó gbóná jù lábẹ́ ìbéèrè yìí ni ti Dismal Swamp. Láti Norfolk, ọ̀nà méjì ló lọ sí gúúsù. Ọ̀kan gba Great Bridge, ó fẹ̀, ó jìn, ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà á, lọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, ìyẹn yàrá omi onílẹ̀kùn tó ń gbé ọkọ̀ sókè tàbí tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ló sì wà níbẹ̀. Ìkejì ni Dismal Swamp Canal, ojú omi tóóró tó gba inú irà kọjá fún nǹkan bíi máìlì 22, pẹ̀lú lọ́ọ̀kì lẹ́nu ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́nu ìparí. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀ rẹ ní Deep Creek, wọ́n á da omi sí i títí ọkọ̀ á fi gòkè ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Nígbà tó bá dé South Mills, wọ́n á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn tó kórìíra rẹ̀ ní igi máa ń wà lábẹ́ omi, pé ó máa ń gbá ìdí ọkọ̀, pé ewéko tútù tó bo ojú omi ń dí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fọ àsẹ́ omi ẹ́ńjìnnì lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jáde níbẹ̀, ẹ máa rí ewé bí ẹ̀fọ́ tẹ́tẹ̀ tí wọ́n rẹ́. Ọ̀nà náà tún máa ń wà ní títì nígbà mìíràn. Lẹ́yìn Hurricane Matthew ní 2016, ó tó ọdún kan kí wọ́n tó tún un ṣí. Torí náà, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó forí lé ibẹ̀.

Síbẹ̀, èmi a máa gba ibẹ̀ bó bá ti ṣí. Ìdí mi kì í ṣe ti ẹwà nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí ewé bá ń pọ́n, tí omi dúdú yẹn sì dúró jẹ́ẹ́, èèyàn kì í fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ àwọn èèyàn dúdú ló gbẹ́ ojú omi yẹn. Ọdún 1793 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọdún 1805 ni wọ́n ṣí i, ẹrú ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti àáké, nínú omi tó mu wọ́n dé ìbàdí. Inú irà kan náà ni àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú ti lọ kọ́ ilé, tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí wọn mú. Moses Grandy, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Camden County nítòsí ibẹ̀, tu ọkọ̀ lórí omi yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló san owó ìràpadà ara rẹ̀ kó tó di òmìnira, torí pé olówó rẹ̀ méjì ló gba owó tán tí wọ́n sì dà á. Ọmọ Yorùbá tó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, tó fẹ́ gbé e lọ sí gúúsù, tí ìdí ọkọ̀ náà ò sì ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, mi ò rí ìdí tó fi máa yẹ ibẹ̀ sílẹ̀ nítorí ewéko.

Ẹ̀yin tí Thanksgiving ń lé, ẹ gba Great Bridge. Ó yá jù.

* * *

Ọ̀rọ̀ pé kì í ṣe ìrìn ọkọ̀ onígbòkun: ẹ́ńjìnnì lẹ máa lò jù lóòótọ́. Ojú omi tóóró, ó yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, afárá sì ń dúró dè yín. Ṣùgbọ́n lórí Albemarle, lórí odò Neuse, àti lórí Indian River ní Florida, àyè ìgbòkun wà dáadáa. Láwọn ibi tó kù, ẹ ta ìgbòkun iwájú nìkan kó máa ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ nígbà tí atẹ́gùn àríwá bá ń ti yín lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kékeré irú tiyín lè má jẹ tó gálọ̀nù dísù kan ní wákàtí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ná owó lé ni fílítà. Ẹ kó púpọ̀ dání, kí ẹ̀yin méjèèjì sì mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì, torí pé ìgbà tí omi bá ń mi ọkọ̀ ni ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táńkì máa ń ru sókè.

* * *

Wàyí o, Georgia.

Ọ̀pọ̀ tó ń kọ̀wé síbí ní kí ẹ fo Georgia, kí ẹ jáde sókun ní Charleston ní South Carolina, kí ẹ sì wọlé ní St. Marys, ní ààlà Georgia àti Florida, lẹ́yìn ọ̀sán kan àti òru kan. Bí ojú ọjọ́ bá dára, èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fò ó nítorí ẹ̀rù, torí pé ìyàtọ̀ omi tó kún àti omi tó fà ni gbogbo ìṣòro ibẹ̀, èyí sì jẹ́ nǹkan tí wọ́n ti ṣírò wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Ní Georgia, omi máa ń gòkè, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méje sí mẹ́sàn-án láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ibi tẹ́ ẹ rí bí odò ńlá láàárọ̀ lè di ẹrẹ̀ tí ẹyẹ ń rìn lórí rẹ̀ tó bá di ọ̀sán. Hell Gate àti Little Mud River ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ìlànà kan ṣoṣo ni mo ní: ìgbà tí omi bá ń kún ni kí ẹ gba ibi tí kò jìn. Bẹ́ ẹ bá há sórí iyanrìn nígbà tí omi ń kún, ẹ mu tíì, omi á gbé yín. Bẹ́ ẹ bá há nígbà tó ń fà, ọkọ̀ á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí omi á fi padà dé. Bẹ́ ẹ bá há nígbà tó kún jù lọ lóṣù, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan kí omi tún tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan béèrè bóun ṣe máa mọ ọ̀nà níbi tí àmì ti pọ̀ jù, tí ọ̀nà òkun àti ọ̀nà inú ọ̀sà pàdé. Ẹ wo ara àmì náà, ẹ máa rí àmì yẹ́lò kékeré. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sí gúúsù, èyí tó ní igun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, èyí tó ní igun mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà lósì, ohun yòówù kí àwọ̀ pátákó rẹ̀ jẹ́. Nítòsí ẹnu òkun, níbi tí iyanrìn ti ń rìn, ẹ má gbára lé máàpù nìkan. Army Corps of Engineers, àwọn ẹ́ńjíníà ológun Amẹ́ríkà, máa ń wọn jíjìn omi, àwọn áàpù bíi Aqua Map sì máa ń gbé ohun tí wọ́n wọ̀n jáde. Ẹ wò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀.

Ìdákọ̀ró náà ń kọ́? Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kà á, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ọkọ̀ tó ń fà lóru. Ká ní ẹ sọ ìdákọ̀ró nígbà tí omi fà, ẹ̀rọ wá sọ pé omi jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á tú ẹsẹ̀ bàtà 50 nínú okùn ìdákọ̀ró sílẹ̀, wọ́n á lọ jẹun. Ṣùgbọ́n omi ń bọ̀ wá kún ní mẹ́jọ. Iwájú ọkọ̀ yín sì ga ní mẹ́rin kúrò lójú omi. Mẹ́wàá, mẹ́jọ, mẹ́rin: 22 nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ìlọ́po márùn-ún, 110 lẹ máa tú sílẹ̀. Omi á tún yí padà lóru, á máa ṣàn síbi tó ti wá, ọkọ̀ á sì yí tẹ̀ lé e. Torí náà, ẹ wò yí ká kí ilẹ̀ tó ṣú bóyá àyè wà láti yí láìkan ilẹ̀ tàbí ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ pa fèrèsé kí oòrùn tó wọ̀. Kantíkantí inú irà Georgia kéré débi pé àwọ̀n lásán ò lè dá a dúró.

* * *

Òpó ìgbòkun yín. Ẹ ní 54. Ṣé ẹ ka eríàlì rédíò tó wà lórí rẹ̀ mọ́ ọn? Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kúrò nílé. Afárá tí kì í ṣí lójú ọ̀nà yìí ga ní ẹsẹ̀ bàtà 65 nígbà tí omi bá kún, àyàfi Wilkerson ní North Carolina tó jẹ́ 64, àti Julia Tuttle ní Miami tó jẹ́ 56. Ẹ̀yin á kọjá lábẹ́ gbogbo rẹ̀ láìsí wàhálà títí dé Miami, ibẹ̀ ni eríàlì yín lè ti kan. Àwọn tó bá ga jù máa ń jáde sókun ní Port Everglades ní Fort Lauderdale, wọ́n á sì wọlé padà ní Government Cut, ẹnu òkun Miami.

Rédíò fún àwọn tó ń ṣí afárá: ìkànnì 13 ní Virginia àti North Carolina, ìkànnì 9 láti South Carolina dé Florida. Ẹ kí wọn, ẹ dárúkọ afárá náà àti ọkọ̀ yín. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ṣí i, ẹ dúpẹ́. Iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀, wọ́n sì máa ń rántí ẹni tó kí wọn dáadáa.

Ní Camp Lejeune, àwọn sójà máa ń ti ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń yìnbọn sọdá omi. Ẹ dúró. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

* * *

Ìbéèrè kan wọlé tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù láti béèrè ní gbangba: ṣé àwọn ìlú kéékèèké yẹn dára fún èèyàn dúdú tó dá rìn? Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn arìnrìn-àjò omi máa ń ran ara wọn lọ́wọ́; ẹni tó bá há, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dúró. Síbẹ̀, ní máríínà kan, ọkùnrin kan wo ọkọ̀ mi, ó wò mí, ó wá bi mí pé níbo ni ẹni tó ni ín wà. Ó dùn mí, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Mo ní èmi ni, mo sì ń so okùn mi lọ. Ẹ fi ìwé ọkọ̀ yín síbi tọ́wọ́ ti lè tètè tó o, torí Coast Guard, ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, lè wọlé wá yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkígbà, ẹnikẹ́ni tó bá ni ọkọ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba èbúté Charleston kọjá, ẹ rántí Robert Smalls. Ẹrú ni, òun ló ń tu ọkọ̀ ológun tó ń jẹ́ Planter fún àwọn ọmọ ogun Confederate, ìyẹn ẹgbẹ́ gúúsù nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ní òru mọ́jú May 13, 1862, nígbà tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ sùn síta, ó dé fìlà koríko ọ̀gá rẹ̀, ó lọ gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀, ó sì gba iwájú odi ológun Fort Sumter kọjá pẹ̀lú fèrè tó yẹ kí wọ́n fọn gan-an, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ ogun Union, ẹgbẹ́ àríwá. Ìmọ̀ omi ló fi gba gbogbo ilé rẹ̀ là. Ó padà wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ó sì ra ilé tí olówó rẹ̀ ń gbé ní Beaufort ti South Carolina.

Beaufort yẹn wà lójú ọ̀nà yín. Ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wọ mọ́tò lọ sí Sheldon. Abúlé Ọ̀yọ́túnjí wà níbẹ̀, tí Ọba Adéfúnmi Kìíní dá sílẹ̀ ní 1970: ojúbọ Ògún, ojúbọ Ọ̀ṣun, àfin ọba, nínú igbó South Carolina. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí ọmọbìnrin kan tí kò dé ilẹ̀ wa rí kúnlẹ̀, tó ní "Ẹ káàbọ̀, sà", ẹnu mi wúwo. Ẹni tó bá ń sáré lọ sí Miami á kọjá ibẹ̀ láìmọ̀.

* * *

Àwọn nǹkan kéékèèké tó yẹ kí n sọ kí n tó gbàgbé. Bí ọkọ̀ ńlá oníyára bá fẹ́ kọjá lára yín, ẹ dín eré kù pátápátá. Bẹ́ ẹ bá ń sáré, òun náà gbọ́dọ̀ sáré jù yín lọ kó tó lè kọjá, ìgbì ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì máa da ọbẹ̀ yín nù. Iwájú ọkọ̀ yín máa pọ́n bí ẹni tó mu ẹ̀kọ láìnu ẹnu, omi irà ló fà á, ọsàn wẹ́wẹ́ á fọ̀ ọ́ kúrò. Bẹ́ ẹ bá ń fi gáàsì yá iná nítorí òtútù, ẹ má pa gbogbo ihò ọkọ̀, ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń kéde èéfín apani sítòsí ibùsùn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fa ọkọ̀ kí ẹ tó ṣí. Kí ẹ tó gba okùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tẹ́ ẹ bá há, ẹ bi í bóyá fífà lásán ni àbí ìdóòlà, torí ẹni tó bá dóòlà ọkọ̀ lè béèrè owó tó bá iye ọkọ̀ náà mu.

* * *

Arábìnrin wa tó béèrè tún kọ̀wé wá lánàá. Wọ́n ní àwọn ti gbà láti wọ inú ọ̀sà, ṣùgbọ́n ọkọ wọn ṣì fẹ́ kí wọ́n sáré, kí Màmá má baà balẹ̀ sí Miami kí wọ́n má rí ẹnikẹ́ni.

Ẹ yí tíkẹ́ẹ̀tì Màmá padà. Owó ìyípadà náà kò tó owó ìgbòkun iwájú kan. Ọkọ̀ òfúrufú tó ń ti Èkó lọ tààrà sí Atlanta wà, Atlanta sí Savannah ò sì ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ lórí títì. Bẹ́ ẹ bá ṣí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú November, tí ẹ rìn bó ṣe yẹ, tí ẹ sì dúró lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ní kí ẹ dúró, àgbègbè Savannah lẹ máa wà ní ọ̀sẹ̀ Thanksgiving. Ẹ so ọkọ̀ sí Thunderbolt, ẹ háyà mọ́tò, kí ẹ lọ gbé wọn. Ẹ má sọ ọ́ fún wọn bí ìṣòro, ẹ ní ọkọ̀ ń dúró dè wọ́n ní Georgia.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì náà bá jẹ́ irú èyí tí kò ṣeé yí, ẹ jẹ́ kí wọ́n balẹ̀ sí Miami, kí ọkọ yín dúró ti ọkọ̀, kí ẹ̀yin wọkọ̀ òfúrufú láti Savannah lọ pàdé wọn, kí ẹ jọ padà wá. Ẹ fi tábìlì ìkún omi Georgia ránṣẹ́ sí mi bẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́, ká jọ wo ọjọ́ tí omi máa ń kún láàárọ̀.